Irọ́ Tí Rosaline Pa fún Ọlọ́pàá

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní oṣù kejì ọdún 2013, Habeebah wọ bọ́ọ̀sì láti Thamesmead lọ sí Barnfield ní ìlú London, níbi tó ti ń tọ́jú Rosaline, arúgbó ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Lẹ́yìn tó wẹ̀ fún un tán, tó sì po tíì fún un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé ìròyìn sí i létí bí ìṣe wọn.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Natasha ló kọ̀wé sínú rẹ̀. Ó ní lọ́dún 1921, wọ́n bá òkú alágbàfọ̀ kan, Bernice, létí odò, nítòsí ibi tí ọkọ̀ ojú omi Woolwich ti ń gbéra. Wọ́n fún un lọ́rùn pa ni. Ọlọ́pàá mú Solomon, bàbá ńlá Natasha, tó háyà yàrá nílé Bernice, wọ́n sì yẹgi fún un. Natasha bẹ ẹnikẹ́ni tó bá mọ nǹkan kan pé kó pe òun.

Nígbà tí Habeebah gbójú sókè, tíì ti dà sí Rosaline lẹ́sẹ̀, kò sì jọ pé ó mọ̀.

“Solomon kọ́ ló pa á,” ni ó wí.

Habeebah rò pé ogbó ló ń sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti nu ẹsẹ̀ rẹ̀, àfi bí arúgbó tí kì í lè gbé ṣíbí ṣe di ọwọ́ rẹ̀ mú pinpin. Ó ní ọmọ ọdún méje ni òun nígbà náà. Ní ìdájí ọjọ́ tí wọ́n rí òkú Bernice, bàbá òun wọlé pẹ̀lú ẹrẹ̀ títí dé orúnkún, ìyá òun sì ju ẹ̀wù rẹ̀ sínú iná láìbéèrè ohunkóhun. Nígbà tí ọlọ́pàá wá bi òun bóyá bàbá òun sùn sílé, ẹ̀yìn òun ni bàbá náà dúró sí, ó rọra gbé ọwọ́ lé òun lọ́rùn. Òun sì dáhùn pé ó sùn sílé.

Rosaline kò lọ́kọ, kò bímọ. Òun ló se oúnjẹ fún bàbá náà títí ó fi kú, kò sì sí alẹ́ kan tí kò fi àga ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀.

Ọ́fíìsì tó gbà á síṣẹ́ ti kìlọ̀ fún Habeebah pé ohun tó bá gbọ́ nílé aláìsàn kò gbọdọ̀ jáde. Ẹ̀rù bà á.

“Mummy, ṣé ó dá yín lójú?”

“Pe ọmọ yẹn kí n tó kú.”

Ó pè é.

Ní Ọjọ́bọ̀, Natasha dé, ó sì gbé fọ́tò Solomon ka orí tábìlì. Rosaline tún ọ̀rọ̀ náà sọ láìfo ibì kan. Natasha kò sunkún, kò sì bínú. Ó tẹjú mọ́ fọ́tò náà pẹ́, kó tó béèrè bóyá obìnrin mìíràn tún kú lẹ́yìn tí wọ́n yẹgi fún Solomon.

Rosaline yí ojú sí fèrèsé.

“Méjì,” ni ó wí. “Kò sẹ́ni tó bi mí nípa àwọn yẹn.”

Habeebah dìde, ó lọ wá bírò àti ìwé kó lè kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.