Àmì Idẹ Bàbá Mi Lórí Ìṣó

Àbúrò mi Aune ló fẹ́ ká lọ sí ọgbà ìtàn ìwakùsà bàbà ní ìlú Calumet. Ó pẹ́ tó ti ń bẹ̀ mí, èmi náà sì ń wá àwáwí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹsẹ̀ ló ń dùn yín lónìí ni, àbí inú ló kàn?" ló wí bá a ṣe dé ẹnu ọ̀nà.

"Rora gbé mọ́tò ẹ sílẹ̀, má fi kọlu ògiri," mo dá a lóhùn.

Pátákó ni mò ń sá fún. Nígbà tí bàbá wa, Vilho Lahnala, ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ ilẹ̀, gbogbo awakùsà ló ní àmì idẹ tó ní nọ́ńbà, tí wọ́n máa ń fi kọ́ sórí ìṣó lára pátákó kan. Tó o bá ń sọ̀ kalẹ̀, wàá mú tìrẹ kúrò lórí ìṣó. Tó o bá gòkè, wàá dá a padà. Ìṣó tó bá ṣófo, ẹni tó ni ín wà nísàlẹ̀ nìyẹn.

Ní Sátidé kan lọ́dún 1947, bàbá mi gbàgbé tirẹ̀ sí àpò, ó mú un wálé. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó ti lọ síbi iṣẹ́ kí n tó rí àmì náà lórí tábìlì. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà. Mo sáré gbé e lọ, mo sì fi kọ́ sórí ìṣó rẹ̀ kí ọ̀gá má bàa bá a wí. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, àpáta wó. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n tó gbé òkú rẹ̀ jáde.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo gbà pé wọ́n rí àmì rẹ̀ lórí pátákó, wọ́n rò pé ó ti lọ sílé, wọn ò sì wá a.

Pátákó náà rèé lẹ́yìn gíláàsì. Trezona, ọ̀dọ́kùnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀, bi mí pé, "Màmá, ta lẹ ní níbí?"

"Nọ́ńbà 214."

Ó wọlé lọ, ó mú ìwé tí ọ̀gá iṣẹ́ kọ lọ́sẹ̀ tí àpáta wó jáde, ó sì kà á fún wa:

"Àmì 214 wà lórí ìṣó, ṣùgbọ́n bàtà àti kóòtù tí Lahnala wọ̀ wá láti ilé ṣì wà nílé tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Nítorí náà, ọkùnrin mẹ́rin là ń wá, kì í ṣe mẹ́ta. Aago méjì ọ̀sán la bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ àpáta náà. Dókítà ní ojú ẹsẹ̀ ni àpáta pa wọ́n."

"Ọmọ mi, tún un kà."

Ó tún un kà. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó dà bíi pé ẹnì kan gbé ẹrù kúrò lórí mi. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún Aune.

"Láti gbogbo ọdún yìí wá, ẹ ò lè sọ fún mi?"

"Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ẹ́."

"Ṣé mo dúró sí ọdún mẹ́ta ni?"

"Ẹnu ẹ ni ò dúró."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì nu ojú. Lẹ́yìn náà ló bi mí ní ohun tó ti ń bi mí láti kékeré, tí mo máa ń torí ẹ̀ dìde lọ gbé kọfí kaná: irú èèyàn wo ni bàbá wa?

"Ó fẹ́ràn orin," mo ní, "ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n kọ. Tó bá ń kọ ọ́ nínú sauna, ilé ìwẹ̀ olóoru wa, àwọn ará ilé kejì á ti fèrèsé wọn."

Aune sún mọ́ mi. "Kí ló tún máa ń ṣe?"