Ẹyin Ọgbọ̀n ní Kọ́nà Ọ̀kà

Ọ̀kẹ́rẹ́ ni gbogbo Ìkàrẹ́ ń pe ọkọ̀ náà. Ó pupa, ó kéré, ó sì máa ń sáré. Ènìyàn méjì péré ni àga rẹ̀ gbà. Òyìnbó kan tí ó ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì ló tà á fún Ọlálẹ́yẹ ní ọdún 1977, nígbà tí ó ń padà sí ìlú rẹ̀. Tíṣà ìṣirò ni Ọlálẹ́yẹ, ọmọ Ọ̀kà. Ó fẹ́ràn ọkọ̀ náà ju bí ó ti yẹ kí àgbàlagbà fẹ́ràn irin lọ.

Èmi Badmus ni mo ń bá a tún un ṣe. Mékáníìkì ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní iwájú ilé mi ní Ìkàrẹ́. Ẹgbẹ́ ni èmi àti Ọlálẹ́yẹ.

Ní ọdún 1998, síárìn Ọ̀kẹ́rẹ́, ohun tí a fi ń darí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọ̀lẹ. Bí o bá yí i sí ọ̀tún, yóò kọ́kọ́ ronú. Ní ọjọ́ Ajé kan, ní kọ́nà ńlá orí òkè Ọ̀kà, ó ronú pẹ́ jù. Táyà iwájú kan ti dé etí ọ̀gbun kí ó tó gbọ́ràn. Bridget, ìyàwó Ọlálẹ́yẹ, wà nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni kí ó tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀rù kì í sì í tètè bà á. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ rin ìyókù ọ̀nà délé.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì wá bá mi. Ọlálẹ́yẹ rọra wa Ọ̀kẹ́rẹ́ wá. Bridget wọ bọ́ọ̀sì.

Bridget sọ fún mi pé, "Bàbá Àsàmáù, ọkùnrin kan ń bọ̀ láti Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Irin àlòkù ló ń rà. Mo ti bá a sọ̀rọ̀."

Ọlálẹ́yẹ ní, "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń sọ ọ́, bí ẹni tó fẹ́ ta ewúrẹ́."

"Ewúrẹ́ mọ ọ̀nà ilé. Èyí ò mọ̀ ọ́n."



Bridget kọjú sí mi. "Ẹ gbọ́ àdéhùn mi. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, màá ra kíréètì ẹyin kan lọ́jà Ìkàrẹ́ níbí. Màá gbé e lé itan mi. Tíṣà á gbé mi lọ sí Ọ̀kà. Bí ẹyin kan ṣoṣo bá fọ́ nítorí síárìn, ọkọ̀ yìí ń lọ sí Ọ̀wọ̀."

"Bí kò bá fọ́ ńkọ́?" ni Ọlálẹ́yẹ bèèrè.

"A óò dín in jẹ." Ó tún na ìka sí mi. "Ẹ̀yin náà á sì wà nínú ọkọ̀. Ẹni tó tún nǹkan ṣe ló yẹ kó gùn ún."

Mo ní, "Àga méjì ló ní, Màmá Lucy."

"Ẹ̀yìn àga wà níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ parí.

Mo fi jáàkì gbé iwájú Ọ̀kẹ́rẹ́, mo sì wọ abẹ́ rẹ̀. Ráàkì ló ń dà á láàmú. Irin gígùn kan ni, ó ní eyín bí ayùn, ó sì dùbúlẹ̀ nínú páìpù kan láti táyà ọ̀tún dé táyà òsì. Ohun tí síárìn bá wí, òun ló ń jẹ́ ẹ fún táyà. Rọ́bà tí ó bo ẹnu páìpù náà ti ya. Eruku ọyẹ́ ogún ọdún ti wọlé, ó ti bá gíríìsì ṣe ìgbéyàwó, wọ́n sì ti bímọ.

Ẹnu ráàkì náà lọ́tùn-ún lósì ní orí kan tí a ń yí mọ́ ọn, bí ìdérí ìgò. Kí o tó yọ orí náà, o ní láti ka iye ìgbà tí o yí i kí ó tó bọ́. Iye yẹn ni wàá fi dá a padà. Bí o bá ṣì í kà, táyà kan á máa wo Ọ̀kà, èkejì á máa wo Àjọwá.

Àwọn mékáníìkì mìíràn a máa fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye náà sára ògiri. Ṣọ́ọ̀kì a máa parẹ́. Tẹ̀sùbáà ni èmi fi ń kà á: ilẹ̀kẹ̀ kan fún ìyípo kan. Bí mo bá kà á tán, màá so òwú mọ́ ibi tí mo kà á dé. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Tẹ̀sùbáà méjì ni mo ní, ọ̀kan fún àdúrà, ọ̀kan fún iṣẹ́. Ti iṣẹ́ dúdú fún òróró, ó sì máa ń wà lára ìṣó. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, okùn rẹ̀ já. Limota, ìyàwó mi, kò tíì ráyè bá mi sín in.

Mo nu ọwọ́ mi. Mo fi ti àdúrà kà á. Mo so òwú pupa fún ọ̀tún, mo so funfun fún òsì.

Ọlálẹ́yẹ jókòó lórí táyà kan, ó di ìwé àti bírò mú.

"Badmus, jẹ́ kí n kọ iye náà sílẹ̀."

"Rárá."

"Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò."

"Mo gbọ́."

"Mélòó ni?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi."

Ó pa ìwé rẹ̀ dé. Inú rẹ̀ kò dùn.

Mo yọ ráàkì jáde, mo fi epo fọ̀ ọ́. Bọ́ṣìn, òrùka irin tí ó gbé apá rẹ̀ kan, ti gbó tán. Mo gbé e lọ bá Suleiman tí ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin, ó sì fi idẹ gbẹ́ tuntun fún mi. Eyín àárín ráàkì ti fẹ́lẹ́ díẹ̀. Mo gé agolo mílíìkì sí pẹlẹbẹ, mo kì í sẹ́yìn irin kékeré tí ń ti ráàkì mọ́ eyín síárìn. Pẹlẹbẹ mẹ́rin le jù. Mo yọ ọ̀kan. Mẹ́ta ṣe déédéé. Mo gé tíúbù kẹ̀kẹ́ fi bo ẹnu páìpù, mo fi wáyà dì í. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ráàkì ti padà sí ipò rẹ̀. Ó ku orí méjèèjì.

Wọ́n pe ìrun Jímọ̀.

Mo wẹ̀, mo wọ jàlàbíà, mo mú tẹ̀sùbáà mi, mo lọ. Lẹ́yìn ìrun, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi tẹ̀sùbáà ṣe tàsíbíì. Nǹkan kan dá ìka mi dúró. Mo tú u. Mo ń bá a lọ. Òmíràn tún dá mi dúró. Mo tú òun náà. Mo parí, mo ṣe àmín, mo wo ọwọ́ mi. Òwú pupa kan, òwú funfun kan.

Hámzàt tí ó jókòó tì mí béèrè bóyá ara mi yá.

Mo ní ara mi yá.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo rántí pé iye náà lé ní mẹ́wàá. Mo yí ọ̀tún ní méjìlá, mo yí òsì ní méjìlá. N kò sọ fún Ọlálẹ́yẹ tí ó ń dúró dè mí níbẹ̀. Mo sọ jáàkì kalẹ̀, mo ní kí ó jẹ́ kí a dán an wò.

Síárìn ti jí. Bí o bá fọwọ́ kàn án báyìí, ó ti yí. Ṣùgbọ́n Ọ̀kẹ́rẹ́ ti di alákàn, ẹ̀gbẹ́ ló ń fi rìn. Àwọn àgbà tí wọ́n ṣì jókòó síwájú mọ́ṣáláṣí gbé ẹsẹ̀ wọn wọlé.

"Badmus, ibo là ń lọ?"

"Iwájú."

"Iwájú kọ́ o. Ilé Lèmọ́mù ni ọkọ̀ yìí ń lọ."

A padà. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó wò mí bí ó ti máa ń wo ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

"Mélòó ni iye yẹn?"

"N kò mọ̀ mọ́."

"Ṣé kò wà lọ́wọ́ rẹ ni?"

"Ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo tú u níbi tàsíbíì."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. "Ọdún márùndínlógójì! Wọ́n ti sọ fún mi pé ewúrẹ́ jẹ iṣẹ́ àṣetiléwá. Wọ́n ti sọ pé àgbàrá gbé e lọ. Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ fún mi rí pé òun fi gbàdúrà tán!"

Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó gbé ọwọ́ lé orí Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó ní, "Ọ̀la ni Àbámẹ́ta." Ó fi ọwọ́ nu eruku ibẹ̀. "Bí wọ́n bá gbé e lọ, màá máa wọ bọ́ọ̀sì. Kò burú. Gbogbo ayé ló ń wọ̀ ọ́." Kò wò mí nígbà tí ó sọ ọ́.

Ìdí òfì rẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ni Limota wà. Aṣọ ni ó ń hun, ó sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀.

"Ẹ gbé e síbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú," ló wí. "Kí lẹ fẹ́ fi iye ṣe? Bí aṣọ mi bá wọ́, ṣé iye ló ń sọ fún mi ni? Ojú mi mà ni."

Ọlálẹ́yẹ ní, "Ìyàwó Badmus, táyà kì í ṣe aṣọ o."

"Ẹ di ẹnu òwú yìí mú, Tíṣà."

Ó di í mú.

Mo gbé síárìn sí àárín gan-an, mo fi okùn dè é kí ó má bàa yí. Limota na òwú láti táyà ẹ̀yìn wá sí táyà iwájú, ó fà á le, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara táyà ẹ̀yìn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di ojú kan, ó fi èkejì wo bí òwú náà ti ń kọjá lára táyà iwájú. Èmi wà lábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú sípánà.

"Èyí ń wo ìta. Ó tó ìka kan."

Mo yí i.

"Ó kù."

Mo tún yí i.

"Ó kù díẹ̀. Ẹ má mí, Tíṣà, ẹ̀ ń mi òwú."

"Ṣé kí n kú ni?"

"Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n rí i. Ó tó. Ó ti kọjá. Ẹ dá a padà ní ìdajì. Ẹ fi í bẹ́ẹ̀!"

A ṣe ọ̀tún, a ṣe òsì, a tún padà sí ọ̀tún. Ìrun Àsárì ti kọjá dáadáa kí Limota tó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn. Ọlálẹ́yẹ wa ọkọ̀ dé òpin àdúgbò wa, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí síárìn. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń lọ gbọnrangandan bí òwú.

Mo ti ń ka ohun tí mo ń yí kún méjìlá. Ọ̀tún jẹ́ mẹ́tàlá. Òsì jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Ọlálẹ́yẹ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. N kò dá a dúró.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Bridget gbé ẹyin dé. Ọgbọ̀n ni. Ó jókòó síwájú, ó gbé kíréètì lé itan. Wọ́n ká mi sẹ́yìn àga bí àkùkọ inú agbọ̀n, orúnkún mi kan àgbọ̀n mi. Limota dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò sọ ìdí rẹ̀.

A kọjá Àkùngbá. A kọjá Ẹtìóro. Òkè bẹ̀rẹ̀. Láti ibi tí mo wà, ohun mẹ́ta ni mo rí: etí Ọlálẹ́yẹ, gèlè Bridget, àti ẹyin. Mo ń ka ẹyin.

A dé kọ́nà ńlá náà. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó iṣu ń sọ̀ bọ̀, ó gba àárín títì. Ọ̀gbun wà lọ́tùn-ún wa. Bridget fi apá méjèèjì gbá ẹyin mọ́ra. Ọlálẹ́yẹ yí síárìn díẹ̀ sí ọ̀tún. Ọ̀kẹ́rẹ́ kò ronú. Ó yà. Ọkọ̀ iṣu kọjá. Ọlálẹ́yẹ dá síárìn padà, Ọ̀kẹ́rẹ́ sì padà, ó gun òkè lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Mo kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọgbọ̀n.

A dé iwájú ilé wọn. Kí n tó na ẹsẹ̀, Ọlálẹ́yẹ ti bẹ́ sílẹ̀, ó ti sáré yí ọkọ̀ ká, ó ti ṣílẹ̀kùn fún ìyàwó rẹ̀, ó sì ti gba kíréètì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e sókè bí ife ìdíje. Ó fi ẹsẹ̀ kọ àtẹ̀gùn. Kò ṣubú, ṣùgbọ́n ẹyin mẹ́ta fò jáde, wọ́n sì fọ́.

Gbogbo wa wo ilẹ̀.

"Síárìn kọ́ o," ni mo wí. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ sọ láti Ìkàrẹ́ nìyẹn.

Bridget wo ẹyin. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ó bá a fi èdè Ọ̀kà sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. N kò gbọ́ gbogbo rẹ̀, èyí tí mo sì gbọ́, n kò ní kọ ọ́ síbí. Lẹ́yìn náà ó tẹ orí Ọ̀kẹ́rẹ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ń wo ibà.

"Bí ará Ọ̀wọ̀ bá dé lọ́la," ló wí, "ẹ fún un lẹ́yin mẹ́wàá, kó máa padà lọ. Ó ti ná owó ọkọ̀."

Ó gbé ìyókù wọlé. Láti ilé ìdáná ó pe mí: "Bàbá Àsàmáù, ẹyin mélòó ni kí n dín fún yín?"

Ọlálẹ́yẹ ti yọ ìwé rẹ̀.

"Mẹ́ta," ni mo wí.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀.