Abà Baba Ẹlẹ́rìn-ín

"Tàntí, abà ta ni ẹ wà? Ẹ sọ orúkọ rẹ̀ fún mi."

Ọwọ́ méjèèjì ni Albertine fi di fóònù mú. Orí òkìtì ọ̀gán ló dúró sí, nítorí ibẹ̀ nìkan ni fóònù ti ń gbọ́rọ̀ ní gbogbo abà náà. Lábẹ́ igi kajú tó wà níwájú rẹ̀, Ìlọ̀rí ọkọ rẹ̀ fẹ̀yìn ti igi, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún sílẹ̀. Ejò ló bù ú ṣán níbi tó ti ń ro ìdí kajú, ẹsẹ̀ náà sì ti wú dé orúnkún. Kò sí ẹlòmíràn lábà. Ọjà Bessé ti kó gbogbo wọn lọ.

"Ọmọ mi, bí wọ́n bá kọjá Bessé, wọ́n á rí igi ìyeyè ńlá kan. Kí wọ́n yà sọ́wọ́ òsì..."

"Ẹ má bínú, tàntí. Ẹ̀rọ kì í gba àpèjúwe. Orúkọ ló ń gbà."

Priscille ni ọmọbìnrin náà pe ara rẹ̀. Ó ń sọ èdè wa dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ló jókòó sí, nínú bíró kan tí Ṣábẹ̀ẹ́ àti ìlú mẹ́ta mìíràn jọ dá sílẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn ìlú náà ti pawọ́ pọ̀ ra ẹ̀rọ tó ń darí ọkọ̀, ibẹ̀ ni gbogbo ìpè ń lọ. Tẹ́lẹ̀, bí ará abà bá fẹ́ jáde, Souleymane onísẹ́mì, tó ń fi alùpùpù gbé èrò, ni wọ́n máa ń pè, òun náà á sì gùn ún wá. Ní báyìí, mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń lo bátìrì ni wọ́n gbé fún un, mọ́tò náà kì í sì í mira bí ẹ̀rọ kò bá rán an níṣẹ́. Ó tu àwọn ará ìlú lára. Wọn kì í dúró nínú òòrùn mọ́.

"Pe orúkọ bàbá mi fún un," ni Ìlọ̀rí wí. Ahọ́n rẹ̀ ti ń wúwo.

"Ìwọ ni kí o wá pè é. Jẹ́ kí n gbé ọ dìde."

"Èmi tí mi ò lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀? Albertine, pè é! Àbí Baba Ẹlẹ́rìn-ín lo fẹ́ pè fún un? Wọ́n á kúkú gbé ọkọ̀ wá fún Baba Ẹlẹ́rìn-ín!" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́.

Abà Fágbohùn ni gbogbo Bessé ń pe ibẹ̀. Fágbohùn ni bàbá Ìlọ̀rí, tó ti di olóògbé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú Albertine wọlé ni wọ́n ti kọ́ ọ pé ìyàwó kì í fi ẹnu rẹ̀ pe orúkọ àwọn tó bá nílé ọkọ. Bàbá náà máa ń rẹ́rìn-ín púpọ̀, ni Albertine bá sọ ọ́ ní Baba Ẹlẹ́rìn-ín. Souleymane tó jẹ́ ọmọ àbúrò bàbá náà, Adúmáadán ló ń pè é. Irú orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ sọ wọ́n yìí nìkan ló ti wà lẹ́nu Albertine títí ó fi dàgbà.

"Tàntí, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

Albertine yíjú kúrò lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tú aṣọ.

"Fágbohùn," ó wí. "Abà Fágbohùn."

Ó dúró bí ẹni tó ń retí pé nǹkan kan yóò wó lulẹ̀. Kò sí ohun tó wó.

"Kò sí níbí, tàntí."

"Kò sí báwo?"

"Kò sí nínú ẹ̀rọ. Bóyá ó ní orúkọ mìíràn?"

"Orúkọ mìíràn wo? Mo ti pè é fún ọ! Ṣé o mọ ohun tí mo ṣe yẹn?"

"Ẹ jọ̀ọ́, tàntí. Ẹ jẹ́ kí n ka àwọn tó wà lágbègbè Bessé, kí ẹ máa gbọ́. Abà Ọlọ́gẹ̀dẹ̀. Abà Ìdí Àràbà. Abà Baba Ẹlẹ́rìn-ín..."

Ẹsẹ̀ Albertine yọ̀ lórí ọ̀gán.

Ó rántí. Ìgbà ọyẹ́ ni. Àwọn géńdé méjì tó wọ ẹ̀wù kan náà, tó ń gba orúkọ abà kiri sínú ẹ̀rọ, bá a létí odò níbi tó ti ń fọ aṣọ, ní òdìkejì. "Màmá, kí lẹ ń pe abà yín?" Odò gbẹ nígbà náà débi pé adìyẹ ń fẹsẹ̀ rìn kọjá. Orúkọ tó wà lẹ́nu rẹ̀ náà ló sọ fún wọn. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n fọwọ́ tẹ fóònù wọn níbi tí wọ́n dúró sí, wọ́n lọ.

"Àwa nìyẹn," ó wí wúyẹ́wúyẹ́. "Ṣùgbọ́n òdìkejì odò ni wọ́n fi àmì sí, odò sì ti kún. Sọ fún wọn kí wọ́n gba ọ̀nà igi ìyeyè."

"Mi ò lè sún àmì, tàntí. Àwọn ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbọ́dọ̀ jọ fọwọ́ sí i. Mọ́tò ti ń bọ̀. Ẹ gbìyànjú kí ẹ dé ibẹ̀, ẹ dákun."

Albertine gbé apá ọkọ rẹ̀ kọ́ ọrùn. Wọ́n ń rìn, wọ́n ń dúró, títí wọ́n fi dé etí odò. Omi pupa ń ru gùdù. Ní òdìkejì, Souleymane ti dé, ó jókòó lórí mọ́tò aláwọ̀ ewé rẹ̀, iná kékeré kan ń tàn níwájú rẹ̀.

"Ìyàwó wa! Ẹ̀gbọ́n ńkọ́?"

"Kò sọ̀rọ̀ mọ́! Adúmáadán, gba ọ̀nà igi ìyeyè!"

"Mo ti gbà á! Mọ́tò kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní oríta. Ìgbà tí mo tì í padà sí ọ̀nà tí ẹ̀rọ yàn ló tó jí!"

"Sọ̀ kalẹ̀, wá gbà á lọ́wọ́ mi!"

"Bí mo bá kúrò lórí ẹ̀, ẹ̀rọ á ní mi ò rí èrò, á ti mọ́tò pa. Kí la máa fi gbé e dé ọsibítù?"

Abẹ́rẹ́ tó lè bá oró ejò jà, Ṣábẹ̀ẹ́ nìkan ló wà. Albertine wo odò, ó wo mọ́tò. Orí Ìlọ̀rí ti sùn sí èjìká rẹ̀. Ó tú ọ̀já rẹ̀, ó fi so ọkọ rẹ̀ mọ́ ara, ó sì wọ inú omi.

Omi dé ìbàdí, ó dé àyà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá ilẹ̀, kò rí i. Nígbà náà ló kígbe, kì í ṣe sí Souleymane.

"Fágbohùn! Fágbohùn, gba ọmọ rẹ o!"

Souleymane gbọ́ orúkọ náà láti ẹnu ìyàwó ilé wọn. Ó ju ẹsẹ̀ kọjá mọ́tò, ó sì kó wọ inú omi, ó ń na ọwọ́ sí wọn.

Ní etí odò lẹ́yìn rẹ̀, iná mọ́tò náà ṣẹ́jú, ó sì kú.