Ọkọ̀ Kan ní Okavango

Ọdún méjì gbáko ni Adéòkè fi gba àdúrà kan ṣoṣo. Ó mọ̀ pé ti Olúwa ni ẹ̀san. Ó kàn ń bẹ̀ Ẹ́ pé kí Ó yá òun díẹ̀.

Ọmọ́wálé ọkọ rẹ̀ ti ṣe tíṣà ní Maun, ní Bòtìswánà, níbi tí àwọn méjèèjì jọ ń gbé, kí ibà tó pa á níbẹ̀. Àpótí àwòrán kan ló fi sílẹ̀ fún opó rẹ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń fi iná tàn sára ògiri. Bádéjọ, ará ìjọ Adéòkè ní Amẹ́ríkà, tó ń ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì ní Des Plaines, yá a lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó yá, ó ní omi wọ ìsàlẹ̀ ilé òun, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Ó tilẹ̀ bá a sunkún, ṣùgbọ́n Adéòkè kò gbà á gbọ́.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1985, Josephine, ọ̀rẹ́ Adéòkè, fóònù sí i láti Skokie. "Àǹtí, Bọ̀dá Bádéjọ fẹ́ fi àwòrán ìrìn àjò rẹ̀ ní odò Okavango ní Bòtìswánà han ìjọ lọ́sàn-án Sátidé."

"Ìrìn àjò ta ni?"

Adéòkè gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ ní Joliet, ó lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá.

Lára ògiri, erin ń la omi kọjá, àwọn ọmọ wọn fi ọwọ́jà di ìrù ìyá mú. Erinmi yanu bí ilẹ̀kùn gárèèjì. "Ìgbà tí òjò ò rọ̀ rárá lomi máa ń dé," Bádéjọ ní. "Odò yìí ò sì dé òkun láéláé, iyanrìn ló ń mu ún." Ọ̀rọ̀ tí Ọmọ́wálé kọ sí etí àwọn àwòrán náà gan-an, kò yẹ̀. Ìjọ ń pariwo "Ògo!" Adéòkè ń dúró de àwòrán kẹtàlá.

Ó dé: ọkọ̀ igi tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín òṣíbàtà, ọkùnrin kan nàró nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá gígùn, ó kẹ́yìn sí wọn. Bádéjọ wo bébà tó da ohun tí wọ́n kọ sí etí àwòrán kọ̀ọ̀kan kọ sí.

"Ọkọ̀ mi rèé! Odidi oṣù mẹ́ta ni mo fi gùn ún!"

Adéòkè dìde. "Ẹ tún un pè, ẹ̀gbọ́n."

"Ọkọ̀... mi." Ó tún wo bébà rẹ̀.

"Èmi ni mo kọ ọ́ sí etí àwòrán yẹn. Mi ò fi àmì sí i torí mo mọ ẹni tí mo ní. Ọkọ̀ kọ́. Ọkọ mi ni. Ọmọ́wálé lẹ ní ẹ gùn fún oṣù mẹ́ta yẹn!"

Ẹ̀rín gba ilé ìjọsìn kan. Josephine yọ àwòrán náà, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó kà á sókè: "Oko mi. Adéòkè, Maun."

Bádéjọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìyàwó wa, ẹ dárí jì mí, nítorí Jésù."

Gbogbo ojú yí sí Adéòkè. Ó mọ ohun tó yẹ kí Kristẹni wí.

"Màá dárí jì yín lọ́la, lẹ́yìn ìsìn. Lónìí, ẹ dìde. Ẹ dá àwọn àwòrán náà padà sí ìkínní. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti ń yọ, ẹ máa pe orúkọ ẹni tó ni ín."

Erin tún yọ lára ògiri.

"Ọmọ́wálé," Bádéjọ wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"A ò gbọ́," ni Adéòkè wí, ó sì jókòó.