Ẹ̀rín Tí Mọ́pẹ́ Rín

Kí ọkọ̀ òfúrufú tó gbé Olúṣínà tó balẹ̀ sí Houston ni Mọ́pẹ́, àbúrò rẹ̀, ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ẹgbẹ́ agbábásíkẹ́tì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe. Yàrá ìpàdé ilé-iṣẹ́ tó ti ń ṣe lọ́yà ló ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n gbé àwòrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sára ògiri, wọ́n fi àmì pupa sí àwọn ìlú ńláńlá tí líìgì básíkẹ́tì tuntun tí ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ dá sílẹ̀ yóò ti máa wáyé. Mọ́pẹ́ fojú wá ìlú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ létí òkun lápá àríwá. Kò sí àmì kankan níbẹ̀.

"Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ńkọ́?" ló béèrè.

Cornelius, ọ̀gá rẹ̀, ló dáhùn. Ọmọ Oǹdó ni Cornelius. Ó wá kàwé sí Texas láyé ọjọ́un, kò sì padà sílé mọ́.

"Wọ́n á bá wa gbá sáà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó kó wọn sí ìpele kejì. Kò sí pé ẹnì kan ń gòkè, kò sí pé ẹnì kan ń sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó bá wà lókè, òkè ló wà títí. But for now, a nílò kí wọ́n fọwọ́ síwèé, kí wọ́n sì gbé ẹjọ́ wọn kúrò ní kóòtù."

Ó wá yíjú sí i. "Lọ́yà, mo gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n yín ni Olúṣínà yẹn. Kò burú rárá. Mi ò ní kí ẹ sọ nǹkan kan fún un. Kódà, òfin ò gbà kí ẹ sọ ọ́. Ẹ ṣáà gbà á lálejò, kó jẹ oúnjẹ ìyá yín dáadáa."

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń darí líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀ ló wó lójijì, ni gbogbo ẹgbẹ́ bá di ọmọ òrukàn. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ kóra jọ, wọ́n fọwọ́ ara wọn gbé líìgì mìíràn dìde. Ṣùgbọ́n àjọ tó ń ṣàkóso eré náà, àwọn tí òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, ní àwọn kò mọ̀ ọ́n ní líìgì. Wọ́n gbé àṣẹ líìgì fún àwọn olókòwò láti Houston, ìyẹn ilé-iṣẹ́ Mọ́pẹ́, fún ọdún gbọọrọ. Làwọn ẹgbẹ́ bá gba kóòtù lọ. Àgbò méjì kì í mumi nínú akèrègbè kan. Nígbà tí àjọ àgbáyé rí i pé ìjà yìí kò níparí, wọ́n dá ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè náà dúró, pé kí wọ́n lọ tún ilé wọn ṣe ná. Àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ti ń múra ìdíje sílẹ̀ bá ń wo ìdíje náà lórí tẹlifíṣọ̀n.

Àárín ìjà yìí ni Olúṣínà wà. Ilé ẹ̀kọ́ ló gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì; ó gbá básíkẹ́tì níbẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi bàjẹ́, ó sì di olùkọ́ni. Nígbà tí ẹni tó ni ẹgbẹ́ wọn fi wọ́n sílẹ̀ lọ, òun àti àwọn ará ìlú ló gba ẹgbẹ́ náà tọ́. Herons lorúkọ rẹ̀. Lékeléke ni ìyá òun àti Mọ́pẹ́ ń pè é. Gbọ̀ngàn wọn ń jò. Àwọn arúgbó tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ẹja pípa ló ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, orúkọ tí ìyá oníkálukú sọ ọ́ ni wọ́n sì fi ń pe àwọn agbábọ́ọ̀lù, lọ́kùnrin lóbìnrin.

Ní pápákọ̀ òfúrufú, Olúṣínà gbá Mọ́pẹ́ mọ́ra, ó sì gbé e kúrò nílẹ̀ bí ẹni pé ọmọ kékeré ṣì ni. Bàbá wọn ti kú kí Mọ́pẹ́ tó mọ ojú rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yìn Olúṣínà ló ń gùn dé ilé-ìwé bí àgbàrá bá ti gba títì ní Múṣin.

"O ti sanra," ni Olúṣínà wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ rù o."

"Àìsùn ni. Bó o bá ń bá àjọ kan jà, tó jẹ́ àjọ yẹn náà ló ń yan adájọ́ eré fún ọ, ṣé wàá sanra?" Ó rẹ́rìn-ín, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún síwájú nínú ọkọ̀. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ láìdánu dúró: ẹgbẹ́ obìnrin wọn tó gba ife, ẹni tó fẹ́ bá wọn tún òrùlé ṣe bí ọjọ́ ọ̀la líìgì bá ti dá a lójú. "Gbogbo ohun tí mo ń wá ò ju pé kí ẹnì kan sọ fún mi pé a ṣì máa wà níbẹ̀ lọ́dún márùn-ún sí i. Ó ti rẹ̀ mí láti máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀."

Mọ́pẹ́ di sítíárìn mú. Ó ní ojú ọ̀nà le lónìí.

Ìyá wọn ti se mọ́ínmọ́ín elémìí méje dúró dè wọ́n nílé ní Alief, ní Houston. Inú obìnrin náà dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbàgbé ọ̀pá tó fi ń rìn síbi àga.

Ní kíṣíìnì, Bólúwají, ọkọ Mọ́pẹ́, bá ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti ń fọ àwo tó ti mọ́. Ó ti mọ̀ pé nǹkan kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ohun tó jẹ́ gan-an.

"Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni?"

"Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni."

"Mọ́pẹ́, wọ́n tún ti dín àwọn òṣìṣẹ́ kù níbi iṣẹ́ wa ní Deer Park lánàá. Mi ò mọ ìgbà tó máa kàn mí. Bí wọ́n bá gba ìwé lọ́yà rẹ lọ́wọ́ rẹ, ibo la ó wò? Ẹ̀gbọ́n rẹ náà ní lọ́yà tirẹ̀."

Mọ́pẹ́ tún mú àwo mìíràn tó ti mọ́, ó ń fọ̀ ọ́. Òótọ́ ni ọkọ rẹ̀ sọ, òun gan-an sì ti sọ ọ́ fún ara rẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ tó sọ ọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú, gbogbo wọn jọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Kérúbù tí ìyá wọn ń lọ. Nígbà tí wọ́n padà délé, ìyá wọn lọ sùn. Mọ́pẹ́ àti Olúṣínà gbé àga sínú gáréèjì, wọ́n ṣílẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, fáànù ńlá ń fẹ́ ooru lù wọ́n.

"Mọ́pẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìwé tí wọ́n ní kí n fọwọ́ sí lọ́la yìí. Lọ́yà wa ti kà á. Ó ní òun ò rí ewu kankan tó hàn níbẹ̀. Èyí tí kò hàn ló ń bà mí lẹ́rù."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí. Iṣẹ́ mi ni. Bó dáa, bó burú, mi ò gbọ́dọ̀ bá yín sọ ọ́."

"Mo mọ̀. Mi ò ní kó o sọ̀rọ̀." Ó yí àga rẹ̀ títí tó fi kọjú sí i. "Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké yòókù, èmi ni wọ́n ń wò. Bí mo bá fọwọ́ sí i, wọ́n á tẹ̀ lé mi. Ṣáà wò mí lójú. Bó bá burú, màá rí i níbẹ̀."

Mọ́pẹ́ wò ó. Ó mọ̀ ọ́n lára bí ojú òun ṣe fẹ́ yẹ̀, bí ìgbà tí aṣọ bá fẹ́ já bọ́ léjìká èèyàn láàárín àwùjọ. Ó ronú kan Oyíndà ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. Ó ronú kan ohun tí Bólúwají sọ. Ó mú ojú rẹ̀ dúró, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kékeré báyìí ni, èyí tó máa ń rín nígbà tó wà lọ́mọdé tí ara rẹ̀ kò bá yá tí kò sì fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun dààmú.

Olúṣínà mí kanlẹ̀. "Ó parí. Ọkàn mi ti balẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, ó fọwọ́ síwèé. Kí ó tó fọwọ́ sí i, ó pe àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí fóònù, níṣojú Mọ́pẹ́ ló ṣe é. Ó sọ fún wọn pé, "Àbúrò mi wà nínú ilé yìí. Bí iná bá ń jó níbí, òun ló máa kọ́kọ́ pariwo." Cornelius bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ gírígírí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ẹ ti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe." Wọ́n ya fọ́tò. Nínú fọ́tò náà, Mọ́pẹ́ wà létí, ó ń wo ilẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ gbé ẹjọ́ wọn kúrò ní kóòtù. Wọ́n gbá sáà kan. Nígbà tí sáà náà parí, àwọn ará Houston kéde ìlú tí yóò wà nínú líìgì títí lọ. Wọ́n ń dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orin àti iná. Iwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà kan ní Fondren ni Mọ́pẹ́ ti wò ó nínú ọkọ̀ rẹ̀, ẹja tútù tó rà ń yọ́ lórí àga. Ó ti mọ̀ pé Herons kò ní sí níbẹ̀. Síbẹ̀ ó ń retí, bí ẹni tó ń retí pé kí òkú mí.

Ó gbé fóònù sórí itan, ó ń dúró de ìpè. Fóònù kò dún. Ó kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́." Ó rí i pé Olúṣínà ti kà á. Èsì kò wá, lọ́jọ́ yẹn àti lọ́sẹ̀ yẹn.

Ìbá tilẹ̀ sàn bó bá jẹ́ pé líìgì tuntun náà dúró. Kò dúró. Àjọ àgbáyé kò tíì ṣílẹ̀kùn fún ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè náà, nítorí àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n kó sí ìpele kejì tún ti dá ìjà mìíràn sílẹ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù tó mọ̀ ọ́n gbá kọrí sí Sípéènì àti Jámánì. Gbọ̀ngàn ńláńlá tí wọ́n háyà kò kún. Ọkàn àwọn olókòwò bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Nígbà tó yá, wọn kì í sọ̀rọ̀ básíkẹ́tì nípàdé mọ́. Wọ́n wó ilé onílé, wọn kò sì kọ́ tiwọn síbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ tún òrùlé Herons ṣe yí ohùn padà, owó tán, ẹgbẹ́ náà bá túká.

Mọ́pẹ́ tọ Cornelius lọ ní ọ́fíìsì rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ̀gbọ́n mi ti pàdánù ẹgbẹ́ rẹ̀. Nítorí kí ni?"

Cornelius bọ́ awò ojú rẹ̀. Kì í ṣe òǹrorò èèyàn. Ojú rẹ̀ fi hàn pé ó ti rẹ̀ ẹ́. "My sister, òwò ni. A gbìyànjú. Ẹ bá mi kí wọn." Ó sì na ìwé mìíràn sí i, ọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ rà sí ìta Houston.

Mọ́pẹ́ gbà á. Ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí dòní.

Ó ti wo eré tí Herons gbá kẹ́yìn nínú fídíò kan lórí fóònù. Ó rí Olúṣínà tó gba makirofóònù, tó dúpẹ́, tí kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin náà ń tiro káàkiri gbọ̀ngàn, ó ń bọ àwọn arúgbó ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká àga. Kò sẹ́ni tó bá a ká a fún ìgbà díẹ̀. Fídíò náà gé.

Ìyá wọn kò mọ nǹkan kan nínú gbogbo èyí. Ohun tó ṣáà mọ̀ ni pé ọmọ òun kì í pè mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, pé bó bá sì pè, kì í pẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ó ní dandan, kí Mọ́pẹ́ pè é níṣojú òun, kí ó sì fi í sí ohùn òkè kí òun náà lè gbọ́.

Fóònù dún, ó dún, Olúṣínà sì gbé e.

"Ẹ káàsán o," ni ohùn rẹ̀ wí. "Ṣé dáadáa lẹ wà? Ilé ńkọ́?"

Ìyá wọn gbọ́rí sókè lórí àga. "Háà, èmi ló ń kí. Ṣínà, dáadáa ni mo wà o, ọmọ mi!"

Ṣùgbọ́n Mọ́pẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe ìyá àwọn ló ń kí. Fóònù òun ni, orúkọ òun ló hàn sí Olúṣínà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò pè é ní "ẹ" rí. Ó gbé fóònù, ó pa ohùn òkè náà, ó sì wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni. Mọ́pẹ́ ni."

"Mo mọ̀. Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe yín?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ báyìí."

"Báwo ni mo ṣe bá yín sọ̀rọ̀?" Kò sí ìbínú nínú ohùn náà. Ó tutù, ó sì mọ́ tónítóní, bí ohùn ẹni tó ń bá aláṣẹ ìlú sọ̀rọ̀.

"Ẹ bú mi. Ẹ pariwo lé mi lórí. Mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n mi. Mo mọ̀ ọ́n kí ẹ tó dé, mo sì rẹ́rìn-ín."

Mọ́pẹ́ ń gbọ́ ariwo ẹyẹ òkun lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àti ti ọkọ̀ ẹrù kan tó ń fi ẹ̀yìn rìn. Ó ti gbọ́ pé ibi tí wọ́n ti ń kó ẹrù létí òkun ló ń ṣiṣẹ́ báyìí.

"Àwọn tó tẹ̀ lé mi fọwọ́ síwèé," ni Olúṣínà wí nígbẹ̀yìn, "wọ́n ń bi mí bóyá èmi náà mọ̀ ọ́n. Mi ò rí nǹkan sọ fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fún Màmá ní fóònù. Ìsinmi mi ò pọ̀."

Mọ́pẹ́ padà sí pálọ̀, ó fún ìyá rẹ̀ ní fóònù. Ó wọ kíṣíìnì, ó dúró síbẹ̀ láìfọwọ́ kan nǹkan. Ó ń gbọ́ bí ìyá wọn ṣe ń ṣàdúrà, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń béèrè bóyá òtútù ti mú níbẹ̀, tó tún ń ṣàdúrà. Nígbà tó gbọ́ pé ìyá rẹ̀ ti parí ọ̀rọ̀, ó jáde.

"Ṣé ẹ̀gbọ́n mi ní kí ẹ kí mi?"

Ìyá rẹ̀ wò ó. Ó na fóònù náà sí i.

"Nẹ́tíwọ̀kì ò dáa," ló wí, ó sì wá ọ̀pá rẹ̀, ó fẹ́ lọ sùn.