Orin Kẹrin Là Ń Fa Eyín

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí gbogbo awakọ̀ ń pè ní Àpáta, ti wa tírélà sọ̀kalẹ̀ òkè rí nígbà tí bíréèkì rẹ̀ já, kò pariwo. Ejò wọ inú ọkọ̀ bá a lọ́jọ́ kan, ó ní kí ejò náà rọra jókòó, àwọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ṣùgbọ́n ẹ fi abẹ́rẹ́ han Àpáta, ẹ ó rí bí òkúta ṣe ń di iyẹ̀pẹ̀.

Ìgbà mẹ́ta ló ti sá mọ́ oníṣègùn eyín lọ́wọ́. Nígbà àkọ́kọ́, ẹnu ọ̀nà ló dé tó ti padà. Nígbà kejì, ó jókòó, ó ní òun fẹ́ lọ tọ̀, títí dòní kò tíì tọ̀ tán. Nígbà kẹta, ojú fèrèsé ló gbà, ó sì gbé férémù fèrèsé lọ sọ́rùn. Nítorí náà, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ fà á wọ ilé ìtọ́jú eyín tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, tí mo rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó wú bíi pé ó fi odindi àgbọn pamọ́ síbẹ̀, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré.

"Adúmáadán," ni ìyàwó rẹ̀ pè mí, orúkọ tó sọ mí láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wa, "ẹ gbà mí o. Láti àná kò lè gbé itọ́ mì. Ó ní kò sí nǹkan tó ń ṣe òun."

"Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí," ni Àpáta wí. Ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde gan-an ni, "Ò í ǹ-án ó ń é í."

Dókítà wa, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, fi ìka méjì kàn án lábẹ́ àgbọ̀n. Ó tún kàn án. Ẹ̀rín tó fi kí wa káàbọ̀ wọlé lọ. Ó fà mí lọ sẹ́bàá kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ rè é?"

"Òun ni, mà."

"Ọyún ti kúrò nídìí eyín, ó ti ń lọ sọ́nà ọ̀fun. Bí a bá fa eyín yẹn nísinsìnyí, ọyún á ṣàn jáde, kí ó wá máa lọ gba ìtọ́jú tó kù nílé ìwòsàn ńlá. Bí a ò bá fà á, ó lè má mí mọ́ tó bá fi máa di alẹ́." Ó wo ojú mi. "Ṣé o gbọ́ mi? Kò gbọdọ̀ sá."

Ó rọrùn lẹ́nu. Ẹ ò rí bí Àpáta ṣe ń wo fèrèsé.

Ibí yìí ni orin ti wọ ọ̀rọ̀. Dókítà kì í fi aago sára ògiri yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ó ní aago a máa sọ aláìsàn di olùkọ́ ìṣirò. Ohun tó ní ni síídì kan tó ti ń lò láti ọdún méjìdínlógún. Àkójọ orin ìtura ni, orin ẹ̀rọ méjìlá látọwọ́ èèyàn méjìlá tí kò mọ ara wọn rí, tí ẹnì kan ṣà jọ, tó fi ìparí ọ̀kan rán mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ èkejì tí ojú rírán kò fi hàn. Lára páálí rẹ̀, oòrùn ń wọ̀ sínú òkun, àga kan sì wà létí omi tí ẹnikẹ́ni kò jókòó lé.

Bí a ṣe ń fi ṣiṣẹ́ nìyí. Orin kìíní, abẹ́rẹ́. Orin kejì àti ẹ̀kẹta, a ó dúró kí ẹnu kú. Nínú orin kẹrin, òjò á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ohun kan á máa lù wọ́ọ́rọ́wọ́ lábẹ́ òjò náà bí àyà ẹni tó sùn. Bí òjò bá ti dún báyìí, ọwọ́ Dókítà á gbé ẹ̀mú, eyín á bọ́. Òun fúnra rẹ̀ kì í gbọ́ orin yẹn mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbọ́ ọ.

Èmi ńkọ́? Mo kórìíra rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀mẹwàá lójúmọ́: orin tí kò bú ẹnikẹ́ni, tí kò yin ẹnikẹ́ni, tó kàn ń lọ bí omi tí wọ́n gbàgbé láti pa. Àwọn aláìsàn ni ẹ ó wá wò. "Nọ́ọ̀sì, kí lorúkọ orin yìí?" "Nọ́ọ̀sì, níbo ni mo ti lè rí i rà?" Ìyá arúgbó kan wà tí kò ní ẹyọ eyín kan lẹ́nu mọ́, tó ṣì máa ń wá jókòó sí yàrá ìdúró lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló ń wá, nítorí eyín kò sí lórí àtẹ. Ó ní, "Ọmọ mi, gbogbo orin ayé ló ń rán mi níṣẹ́. Èyí ní kí n jó, èyí ní kí n sunkún, èyí ní kí n ronú pìwà dà. Eléyìí nìkan ló ní kí n jókòó."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí, ẹ̀rọ síídì náà kú. Ó yọ ahọ́n síta, kò sì gbà á wọlé mọ́. Ara mi kò tilẹ̀ gbóná, torí mo ti da síídì náà kọ sínú fóònù mi tipẹ́. Mo gbé fóònù lé orí pẹpẹ, mo so ó mọ́ sípíkà, mo tẹ orin kìíní, mo sì kan sáárá sí ara mi. N kò mọ̀ pé fóònù náà, fún ìdí tó yé ẹni tó ṣe é nìkan, máa ń da orin rú bí ẹní ń da káàdì.

Àpáta dùbúlẹ̀ sórí àga. Ó di apá àga mú débi tí ike ń ké. Orin bẹ̀rẹ̀.

"Kí lèyí?" ló fi ẹnu wíwú bèèrè.

"Orin ni, bọ̀ọ̀dá mi."

"Ta ló ń kọ ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́."

Ó ronú sí i. "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ìka rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú kúrò lára àga ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dókítà fún un lábẹ́rẹ́. Omijé kan ṣoṣo yọ, ó rìn lọ sí etí rẹ̀, Àpáta kò sá! Ó kù díẹ̀ kí n pàtẹ́wọ́.

"Ibi tó bá wú báyìí, òògùn kì í tètè mú un," ni Dókítà wí, ó gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù, ọ̀gá awakọ̀. Ọ̀nà wo lẹ máa ń ná jù?" Orin kìíní ń rọra parẹ́. Mo ń retí gìtá tó bẹ̀rẹ̀ orin kejì.

Òjò ló rọ̀.

Fóònù ti fo orin kejì àti ẹ̀kẹta. Ẹnu Dókítà ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti kòtò, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti gbéra, ó ti ń lọ sídìí ẹ̀mú bó ṣe máa ń lọ láti ọdún méjìdínlógún. Kò tíì tó ìṣẹ́jú méjì tí abẹ́rẹ́ wọlé. Bí mo bá ní, "Ẹ dúró, ẹnu rẹ̀ kò tíì kú," Àpáta á gbọ́, á gbé àga lọ sọ́rùn, a ò ní rí i mọ́ láyé. Bí mo bá sì dákẹ́, eyín alààyè ni wọ́n máa fà, á tún sá náà ni, pẹ̀lú ààbọ̀ eyín lẹ́nu.

Mo wúkọ́. "Dókítà, òjò yìí mà yá o."

"Àsìkò rẹ̀ ni." Ó gbé ẹ̀mú.

Mo ṣẹ́jú sí i.

"Nǹkan kó sí ẹ lójú ni?"

Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì! Ẹsẹ̀ mi lo tẹ̀ yẹn."

Àpáta la ojú kan. "Kí ló ń ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí o, bọ̀ọ̀dá mi. Dókítà ló ń kọ́ mi níjó."

"Ijó?"

"Ẹ yanu dáadáa," ni Dókítà wí, ẹ̀mú sì wọlé.

Mo na ọwọ́ sẹ́yìn láti pa fóònù. Ká ní òjò náà lè dá, ọwọ́ Dókítà á dá dúró. Mo na ìka, mo tún na èjìká lé e. Ó ku bí ìbú èékánná kan ni fóònù bá dún. Ìyàwó Àpáta ló ń pè mí láti yàrá ìdúró, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ òun ṣì wà. Àkùkọ sì ni mo fi ṣe ohùn ìpè mi. Nínú fóònù, àkùkọ kékeré ni. Nínú sípíkà yẹn, àkùkọ tó ga tó ilé ni.

"Kékeréèkéèèè!"

Dókítà fò, ẹ̀mú yọ. Àpáta dìde lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú aṣọ ìdáàbòbò lọ́rùn, òwú lẹ́nu, fìtílà àga dé e lórí bíi fìlà. Fóònù jábọ́. Ẹsẹ̀ Àpáta, ẹ ṣáà mọ irú ẹsẹ̀ tí ń wa tírélà, bà lé e. Àkùkọ dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kọjá lára ìyàwó rẹ̀ bí ẹni pé kò bá a mọ̀ rí, ó gun tírélà rẹ̀ tó gbé kalẹ̀ síta, ó ti ilẹ̀kùn, ó yí kọ́kọ́rọ́.

A sáré tẹ̀ lé e. Ẹ́ńjìnnì ti ń bú. Ìyàwó rẹ̀ lọ dúró síwájú ọkọ̀, obìnrin tí orí rẹ̀ kò ga tó iná iwájú, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Bàbá Ìbejì, ẹ tẹ̀ mí kọjá! Ẹ tẹ̀ mí kọjá kí ẹ máa lọ kú síbi tó wù yín! Àwọn ọmọ á ti kúkú mọ̀ pé ọjọ́ kan náà làwa méjèèjì lọ!"

Àpáta fọn fèrè. Obìnrin náà kò yẹ̀. Àpáta tún fọn ọ́n. Ó ṣáná sí i. Mo gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀ títí ọwọ́ fi ń ta mí. Mo ń wo ẹsẹ̀ táyà. Táyà yí díẹ̀, ní tòótọ́.

Ẹ́ńjìnnì kú.

Ilẹ̀kùn ṣí, Àpáta sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́ bí aboyún. Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ojú rẹ̀ ti funfun. "Àbúrò mi," ló wí, itọ́ ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀, "ètè mi ti lọ. Mo fọwọ́ kàn án, kò sí níbẹ̀. Ahọ́n mi náà ti ń lọ. Ikú ti dé o, ẹnu ló gbà wọlé."

Abẹ́rẹ́ ti ń ṣiṣẹ́! Ó yẹ kí n ṣàlàyé fún un. Kí Ọlọ́run má kà á sí mi lọ́rùn, ohun tí mo sọ ni pé, "Ẹ yára, bọ̀ọ̀dá mi, kó tó dé àyà!" Àpáta ló ṣíwájú wa wọlé.

Ó dùbúlẹ̀. Dókítà fi irin gún ẹran eyín rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n lára. Ó ku ká fà á. Dókítà gbé ẹ̀mú. Ó gbé e kalẹ̀. Ó tún gbé e, ó tún gbé e kalẹ̀, irin sì ń lu irin nínú àwo, kíńkíńkíń. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbọ̀n.

"Eyín alààyè ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fà," ló ń sọ sínú ìbòmú rẹ̀. "Èmi. Fi orin sí i, Nọ́ọ̀sì."

"Kò sí orin, mà. Ó ti fọ́ yángá sábẹ́ bàtà ẹ̀gbọ́n mi." Fóònù ìyàwó wa kò mọ̀ ju ìpè lọ, Dókítà kì í sì í mú tirẹ̀ wá síbi iṣẹ́. Ó ní eyín nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti pe òun.

Àpáta rí ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Ojú rẹ̀ lọ sí ilẹ̀kùn, ó lọ sí fèrèsé. Orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra. Èémí rẹ̀ ti ń súfèé lọ́fun, mo sì mọ̀ pé bó bá tún dìde lẹ́ẹ̀kan yìí, ikú gidi kò ní lè dá a padà fún wa.

N kò mọ ìgbà tí mo gbé èékánná lé orí àwo irin, tí mo ń fi lù ú wéréwéré, ká lè rí òjò. Mo fi gìgísẹ̀ lu kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo pa ètè dé, mo kùn. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú mi! Ibi tí agogo kékeré ti ń dún lókèèrè, ibi tí ohùn obìnrin kan ti ń sọ pé "ààà" láìsọ ohun tó ń ṣe é, àní ibi tí síídì náà ti há, tó máa ń fò, mo fò ó. Orin tí mo ti fi ọdún mọ́kànlá sá fún ti kọ́ ilé sí mi lára, kò sanwó ilé.

Èjìká Dókítà sọ̀ kalẹ̀. N kò gbójú sókè, ẹ̀rù ń bà mí kí n má pàdánù òjò. Mo gbọ́ ẹ̀mú tó kúrò nínú àwo. Mo gbọ́ ohun kan tó ṣẹ́ gbì bí igi gbígbẹ.

"Ó ti jáde," ni Dókítà wí.

Ọyún tẹ̀ lé e, mi ò ní sọ bó ṣe rí fún yín. Ohun tí mo ń gbọ́ ni èémí: ó súfèé, ó súfèé, ó wá là, afẹ́fẹ́ wọlé ó jáde láìkan nǹkan. Mo dá òjò dúró, mo fẹ́ bú sẹ́kún.

Ọwọ́ ńlá kan gbá ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Ó kù," ni Àpáta wí, òwú kún ẹnu rẹ̀.

"Kí ló kù? Eyín ti jáde, bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ dìde, ilé ìwòsàn ńlá ń dúró dè yín."

"Orin yẹn. O ò tíì parí ẹ̀."

Mo wo Dókítà kó lè bá mi lé e. Dókítà bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fa àpótí ìjókòó, ó jókòó. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi yọjú, ó wo àwo tó ní ẹ̀jẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀ tó ń mí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Èékánná mi kan ti ṣẹ́. Mo fi mẹ́sàn-án tó kù rọ òjò náà tán, mo sì bọ́ sí orin karùn-ún.