Fúláwà Màmá Ọ̀yọ́

Nígbà tí Grace bímọ sí Àbújá, ìyá rẹ̀, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Màmá Ọ̀yọ́, di ẹrù láti lọ bá a tọ́jú ọmọ. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n wọ mọ́tò láti Ọ̀yọ́ wá sílé ọmọ wọn ọkùnrin ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n gbé fúláwà pálọ̀ wọn lé itan bí ọmọ ìkókó. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó ń dán bí ohun tí wọ́n fi òróró pa. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀.

"Dámisí, ọwọ́ rẹ ni mo fi í sí o," ni wọ́n wí fún ìyàwó ọmọ wọn.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà."

Aránṣọ ni Dámisí. Kò gbin nǹkan kan rí àfi ẹ̀wà inú agolo nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ìyá ọkọ òun yin òun. Láràárọ̀, kó tó jókòó sídìí máṣíìnì, á bomi rin fúláwà náà, á wọ́n ọn sí gbogbo ewé rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, á tún bu òmíràn sí i.

Lọ́sẹ̀ kẹta, ó rí àmì dúdú kan lára ewé, kò ju bọ́tìnì lọ, àwọ̀ pupa rúsúrúsú sì yí i ká. Ó ní bóyá òùngbẹ ni, ó fi omi kún omi. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Àìkú, ewé mẹ́sàn-án ti ní àmì, méjì ti já bọ́.

"Jẹ́ ká ra irú ẹ̀ pààrọ̀," ni Olúwaṣògo ọkọ rẹ̀ wí. "Màmá ò ní mọ̀."

"Ọdún mọ́kànlá! Ta ni ò ní dá ọmọ ẹ̀ mọ̀?"

Ó gbé fúláwà wọ kẹ̀kẹ́, ó di Ọjà Igbó, lọ́dọ̀ Bàbá James, àgbàlagbà tó ń ta igi òdòdó lẹ́bàá títì. Bàbá yí ewé dà, wọ́n wo abẹ́ rẹ̀ bóyá kòkòrò wà níbẹ̀. Kò sí. Wọ́n ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n wá yíjú sí Dámisí.

"Ìgbà mélòó lo ń bomi rin ín?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, sà."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, ṣé o fẹ́ rì í sómi ni? Omi tó ń dúró lára ewé ló fa àrùn yìí. Ohun tó ń mú kí búrẹ́dì bu, irú ẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Àmọ́ kò tíì kú. Mú sísọ́ọ̀sì wá."

Sísọ́ọ̀sì aránṣọ tí Dámisí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gé bébà ló yọ nínú báàgì rẹ̀. Bàbá fi sípíríìtì nù ún, wọ́n gé àwọn ewé tó ní àmì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń nù ún kí wọ́n tó gé òmíràn, kí àrùn má baà ràn. Wọ́n gé gbòǹgbò tó ti rà, wọ́n tún un gbìn sínú iyẹ̀pẹ̀ tuntun, nínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ ní ihò.

"Gbé e sẹ́bàá fèrèsé. Tí iyẹ̀pẹ̀ ò bá gbẹ, má bomi sí i. Tó bá sì gbẹ, ìdí ni kó o bu ú sí, má kan ewé."

Ewé márùn-ún péré ló kù. Ọjọ́ kejìdínlógún, Dámisí rí nǹkan tóóró tó ká bí ẹní láàrin wọn. Ewé tuntun! Igbe ayọ̀ tó ké pọ̀ débi pé oníbàárà tó wá wọn aṣọ fò sókè. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Nígbà tí Màmá dé, Dámisí kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Màmá ka ewé: mẹ́fà. Ni wọ́n bá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Fúláwà mẹ́ta ló kú mọ́ èmi lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá! Àmì dúdú yẹn náà ni. Mo rò pé ilé wa ni ò bá wọn lára mu, ìdí tí mo fi sáré gbé èyí wá bá ọ nìyẹn."

"Ìgbà mélòó lẹ ń bomi rin wọ́n, mà?"

Màmá wolẹ̀. "Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì tọ́wọ́ mi dilẹ̀... láràárọ̀ ni."

Ní Sátidé, Dámisí wà ní pálọ̀ Màmá l'Ọ́yọ̀ọ́, ó ń gé ewé tó ṣàìsàn lára àwọn fúláwà tó kù. Màmá di ìgò sípíríìtì mú bíi nọ́ọ̀sì. Aládùúgbò kan yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ìkòkò fúláwà tirẹ̀ dání.

"Wọlé, wọlé," ni Màmá wí. "Dókítà wà nílé."